Màmá Iléṣà Méjì

Bí ẹ bá dé Ilé Ìtọ́jú Àgbà Ìtùnú ní Ọ̀fàtẹ̀dó, lẹ́bàá Òṣogbo, kí ẹ tó rí aláìsàn kankan, ògiri lẹ máa kọ́kọ́ rí. Pátákó funfun kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà búlúù kọ gàdàgbà: A KÌ Í PE ÀGBÀ LÓRÚKỌ NÍBÍ. Phebe Ajíbóyè ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, lọ́jọ́ tó di mátírọ́ọ̀nù àgbà ibẹ̀, kò sì sí àlejò tó kà á tí kì í mi orí. "Ìwà ọmọlúàbí gan-an nìyí," ni wọ́n máa ń wí. Phebe náà á rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ìyìn kò jọ lójú. Irọ́ ni. Ìyìn yẹn ń wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn ṣá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yẹ fún ìyìn. Kó tó dé, ohun tí gbogbo èèyàn gbà ni pé ìtọ́jú arúgbó kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń kọ́. Ẹni tó bá ti láàánú, tó lè fọ aṣọ, tó lè po ẹ̀kọ, ó ti tó. Phebe ló dúró pé rárá o. Ó ní awọ arúgbó kì í ṣe awọ ọ̀dọ́, oògùn tó wo ọmọ ogún ọdún sàn lè pa ẹni ọgọ́rin, ìṣubú ẹ̀ẹ̀kan péré lè sọ ẹni tó ń dá rìn lánàá di ẹni tí à ń gbé. Ó dá kíláàsì olóṣù mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì tó ti gbàwé ẹ̀rí. Ó kọ́ wọn bí a ṣe ń yí arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má baà dá sí i lára, bí a ṣe ń mọ ìgbà tí ìgbàgbé ti kọjá ti ọjọ́ orí, àti bí a ṣe ń fún ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ kò gbé nǹkan mì dáadáa mọ́ lómi mu. Nọ́ọ̀sì mẹ́rìnlá ló kọ́ yanjú.

Mọ́kànlá ti lọ. England kó mẹ́fà, Saudi kó mẹ́ta, Canada kó méjì. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ, wọ́n á ra kéèkì, wọ́n á bá a ya fọ́tò, wọ́n á sunkún díẹ̀ sí i léjìká. Tó bá di oṣù mẹ́ta, wọ́n á fi fọ́tò yìnyín ránṣẹ́. Phebe ti wo yìnyín lórí fóònù títí òtútù fi fẹ́ẹ̀ máa mú un nílé rẹ̀ ní Dàda Estate. Kì í bú wọn. Ta ni yóò bú ọmọ tó ń wá ọ̀nà? Ìmísíolúwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Canada lòun náà wà, ó sì máa ń pè é lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ilé oníyàrá mẹ́rin, òun nìkan ló ń gbé e. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á tan rédíò kan ní pálọ̀, á tan òmíràn ní kíṣìnnì. Kì í ṣe torí ìròyìn. Ó kàn fẹ́ kí ohùn èèyàn máa dún nínú ilé ni.

Nínú àwọn mẹ́ta tó kù, ọ̀kan wà tí Phebe gbójú lé. Munawwarah lórúkọ rẹ̀, ọmọ Alhaji Mùtàlíbù, télọ̀ kan tó ti dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọmọ náà lọ́wọ́ ìtọ́jú. Bí arúgbó bá ń bínú, tí kò fẹ́ wẹ̀, tí kò fẹ́ jẹun, Munawwarah á jókòó tì í, á máa bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí ara rẹ̀ á fi rọ̀. Oṣù Kejìlá ni Phebe yóò fẹ̀yìn tì, ohun kan ṣoṣo tó sì ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí Munawwarah gba kíláàsì náà lọ́wọ́ òun. Bí ọmọ náà bá tún bá wọn lọ, kò sẹ́ni tó máa kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ọdún mẹ́fà á wá dà bíi pé a ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀. Phebe ti sọ ọ́ fún un lójúkojú. Munawwarah ní, "Ìn ṣá Allāhu, mà," ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Oṣù Kẹsàn-án lọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ.

Ìyá méjì ló wà ní wọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀ náà, Iléṣà sì ni àwọn méjèèjì ti wá. Níwọ̀n bí a kì í ti í pe àgbà lórúkọ níbẹ̀, Màmá Iléṣà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pe ọ̀kan, Màmá Iléṣà náà ni wọ́n sì ń pe èkejì. Orúkọ wọn gan-an wà nínú ìwé ńlá kan ní ọ́fíìsì. Lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ohun tó wà nínú fáìlì ni Màmá Iléṣà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, àti Màmá Iléṣà, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní àtọ̀gbẹ, wọ́n ń gún un ní abẹ́rẹ́ ìnsúlíìnì láràárọ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, itan rẹ̀ ló kán, ó ń kọ́ ìrìn, ṣúgà ara rẹ̀ kò ní wàhálà kankan. Lọ́jọ́ Sátidé, ó ní òun fẹ́ máa wo títì, kí wọ́n jẹ́ kí òun sún mọ́ fèrèsé. Ìyá kejì ní ẹ gbà á, oòrùn ibẹ̀ ti sú òun. Wọ́n fẹ̀rín pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì. Fáìlì méjèèjì kò bá wọn pààrọ̀.

Munawwarah ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ara bàbá rẹ̀ kò yá, ó gba ìsinmi ọjọ́ márùn-ún, lẹ́yìn tó sì lọ ni wọ́n gba ìyá méjèèjì wọlé, kò mọ ojú wọn rárá. Àárọ̀ Ìṣẹ́gun ló padà. Ó dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó mú fáìlì, ó kà á tẹ̀ẹ̀mejì, ó kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá Iléṣà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Mo sùn, ọmọ mi. A dúpẹ́."

Ló bá fún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kó tó di aago mẹ́wàá, òógùn ti bo ìyá náà, ó ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, nígbà tó yá kò dáhùn mọ́. Phebe sáré dé, ó yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Wọ́n fa omi ṣúgà sí i níṣan. Ọ̀sán ti ń rọ̀ kí ìyá tó lajú. Ọjọ́ kẹta, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń jẹ́ Òkìkí, tíṣà ní Iléṣà, wá gbé e lọ sílé láìkí ẹnikẹ́ni. Ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi?

Dókítà Akínkúnmi Adéjọbí ló ni ilé ìtọ́jú náà. Ó pe Phebe sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn.

"Mà, ọ̀rọ̀ yìí ò lè tán síbí. Ìwé gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó fún nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ. Ẹ kọ ẹni tó fa àṣìṣe náà àti bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ ẹ ní Mọ́ńdè, ẹ jọ̀ọ́ mà."

Phebe kò tíì mú bíírò tí Munawwarah fi ti wọlé ní ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó kúnlẹ̀, ó na ìwé náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun nìkan lòun jẹ̀bi, òun kánjú, òun kò tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ́ òun.

"Ẹ fi ránṣẹ́ bó ṣe wà yẹn, mà. Kí wọ́n má fi orúkọ yín sí i. Ẹ ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì."

Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n kọ́ ọ gan-an ló tẹ̀ lé. Òun mọ̀, Phebe mọ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í jẹ́ kí ojú ti àgbà rẹ̀ ní gbangba, á kúkú fi ọ̀rùn tirẹ̀ gbé e. Phebe gba ìwé náà. "Ó dáa. Máa lọ sílé, lọ sinmi," ló sọ.

Inú Phebe dùn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mò ń sọ. Ó jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì rí i kedere. Bí àbàwọ́n yìí bá wọnú ìwé Munawwarah, wọ́n á dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, wọ́n á sì dá a padà. Ṣùgbọ́n kò sí ọsibítù òkè òkun kan tó máa gbà á mọ́ láéláé. Òṣogbo ni yóò wà. Kíláàsì kò ní kú. Phebe á fẹ̀yìn tì pẹ̀lú orúkọ rere, ọmọ náà á sì máa yà kí i nílé tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Gbogbo ohun tó ń tọrọ ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́ yìí, láìjẹ́ pé ó jí i. Ó rò ó títí, ó sì sùn wọra, èyí tó ń bà á lẹ́rù títí dòní.

Lọ́jọ́ Sátidé ó wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà láti bẹ ìyá náà. Ọmọ Iléṣà lòun náà, ìdílé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí i sí, kò sì ṣòro fún un láti wá ilé tíṣà Òkìkí rí ní Ìsọ̀kùn. Òkìkí ti jáde. Ìyá nìkan ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, igi tó fi ń rìn wà lórí itan rẹ̀. Phebe kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì.

"Màmá, mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ dárí jì wá."

"Dìde, orúnkún rẹ ò ní gbà á." Ìyá wò ó. "Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́? Ẹ ò lé e, àbí?"

"A ò tíì lé e, mà."

"Ẹ má lé e o. Èmi náà lẹ́jọ́ ńbẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn kì í gún mi lábẹ́rẹ́ láàárọ̀. Mo tún mọ̀ pé àwa méjì là ń jẹ́ Màmá Iléṣà. Mo ti fẹ́ lanu, mo ní bóyá dókítà ló pàṣẹ. Ọmọ tó kúnlẹ̀, tó ń fohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ṣé èmi ni màá wá máa bá a jiyàn? Ẹ ò ní sọ pé arúgbó yìí le? Ká ní ó bi mí pé ta ni mí ni, ǹ bá sọ fún un."

Phebe ti wà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́rìndínlógójì.

"Màmá, kí lorúkọ yín?"

Ìyá rẹ́rìn-ín, eyín méjì péré ló hàn. "Comfort. Ṣùgbọ́n Àpìkẹ́ ni bàbá mi ń pè mí. Gbogbo àwọn tó ń pè mí ní Àpìkẹ́ ti lọ tán. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. O ṣé tó o béèrè, ọmọ mi."

Nínú mọ́tò tó ń padà bọ̀ sí Òṣogbo, ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan dìde sí Phebe lọ́kàn, kò sì gbà kó jókòó jẹ́ẹ́. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni, nínú kíláàsì. Munawwarah nawọ́ sókè, ó ní, "Mà, ìwé tí a kà ní ká béèrè orúkọ aláìsàn lẹ́nu ara rẹ̀ ká tó fún un lóògùn. Wọ́n tún ní ká fi ẹ̀gbà tí wọ́n kọ orúkọ sí sí i lọ́wọ́." Phebe rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé, "Ìyá rẹ ńkọ́ nílé? Ṣé o máa ń béèrè orúkọ rẹ̀ kó o tó gbé oúnjẹ fún un?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín gèè. Phebe tún fi kún un pé àgbà kì í ṣe ẹrù tí à ń so orúkọ mọ́ lọ́wọ́ ní gáréèjì. Munawwarah bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Kò tún na ọwọ́ yẹn sókè mọ́ nínú kíláàsì náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìmísíolúwa pè.

"Màmi, ohùn yín ò dún dáadáa. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí. Mò ń kọ nǹkan ni."

"Ẹ fi sílẹ̀, ẹ sinmi jàre. Ẹ ti ṣiṣẹ́ jù."

Bí wọ́n ṣe pa fóònù, ó padà sídìí tábìlì. Ìwé Munawwarah wà lápá ọ̀tún, ìwé òfìfo wà lápá òsì. Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohunkóhun. Ó mọ ohun tó fẹ́ pàdánù, kò sẹ́ni tó nílò láti ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Àwọn mọ́kànlá tó lọ, kò dá ọ̀kankan dúró. Ṣé eléyìí ló máa wá fi irọ́ dè mọ́lẹ̀, tó máa máa pè é ní arọ́pò rẹ̀? Ó fa ìwé òfìfo náà, ó kọ ọ́ báyìí: Èmi ni mo pàṣẹ pé kí wọ́n má béèrè orúkọ. Èmi ni mo kọ̀ kí wọ́n lo ẹ̀gbà ọwọ́. Nọ́ọ̀sì yìí kìlọ̀ fún mi ṣáájú, mo sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ló ya ti Munawwarah sí wẹ́wẹ́.

Dókítà Akínkúnmi kà á ní Mọ́ńdè, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Mà, kò yẹ kí ẹ kọ ọ́ báyìí. Ẹ lè sọ pé ó jẹ́ àṣìṣe gbogbo wa."

"Bó ṣe rí ni mo kọ, Dókítà."

Bí wọ́n ṣe rán an lọ nìyẹn. Ìdáhùn kò pẹ́. Wọ́n kìlọ̀ fún Munawwarah lẹ́nu lásán, kò sí ohun tó wọnú ìwé rẹ̀. Phebe, wọ́n ní kó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní ìparí Oṣù Kẹwàá, kó má dúró de Oṣù Kejìlá. Fọ́tò rẹ̀ tí wọ́n ti ń múra láti gbé kọ́ sí gbọ̀ngán, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gun àga, tó tú pátákó ara ògiri yẹn sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Àwọn tó ti ń jókòó jẹun pẹ̀lú rẹ̀ lọ́sàn-án wá ń níṣẹ́ tó ń kán wọn lójú.

Síbẹ̀, ohun kan tu Phebe nínú. Munawwarah gba kíláàsì. Nọ́ọ̀sì tuntun mẹ́fà wọlé, Phebe sì jókòó sẹ́yìn bí ẹni tó wá kàwé. Ọmọ náà mú wọn lọ sí wọ́ọ̀dù, ó kúnlẹ̀ ti bàbá kan, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ má bínú sí mi, iṣẹ́ wa ló ní ká béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?" Bàbá náà tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó pe orúkọ rẹ̀ tán, ó tún sọ ti bàbá rẹ̀ mọ́ ọn. Ìkúnlẹ̀ wà níbẹ̀, ìbéèrè náà wà níbẹ̀, méjèèjì kò bára wọn jà. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Phebe fi rò pé wọn ò lè jọ gbé pọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ṣe bí ẹni ń nu gíláàsì. Ó ní kí ohun yòówù tó ṣẹlẹ̀ sóun ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ yìí ti rí ẹni tó máa gbé e.

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn Oṣù Kẹwàá, Munawwarah wá sí Dàda Estate. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Ó gbé ọsàn àti ìbẹ́pẹ tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ dání. Inú Phebe dùn débi tó fi pa rédíò méjèèjì. Ó ti ń wá ife tó máa fi bu omi fún un nígbà tó rí i pé ọmọ náà kúnlẹ̀, kò dìde.

"Mà, iṣẹ́ kan ti jáde fún mi ní England láti oṣù Keje. Mi ò sọ fún yín."

Phebe gbé ife náà kalẹ̀.

"Mi ò fẹ́ gbà á nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mi ò lè kọ̀ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń rò ó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Màmá yẹn ṣẹlẹ̀, mo ní Ọlọ́hun ti bá mi ti ilẹ̀kùn ọ̀hún. Mo ní bí mo bá ti fọwọ́ sí i pé èmi ni, mi ò ní lè lọ mọ́, ọkàn mi á sì sinmi. Ẹ̀yin lẹ wá ṣí i padà, mà."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Àwọn gan-an ló ní kí n lọ. Wọ́n ní àwọn ò bí mi torí kí n lè máa ṣọ́ àwọn."

Phebe fẹ́ sọ pé má lọ. Ó fẹ́ bi í pé, èmi ńkọ́, ta ni mo ní? Àwọn mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yẹn, ta ló fẹ́ kọ́ wọn? Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀ tán. Ó wo ojú ọmọ náà, ó rí i pé bí òun bá sọ ọ́, á dúró. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Á dúró, á sì máa kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀.

"Dìde," ló sọ. "Kí ni wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Munawwarah yọ fọ́ọ̀mù kan látinú báàgì. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ jẹ́rìí sí ìwà àti iṣẹ́ rẹ̀. Phebe gbé e lọ sídìí tábìlì, ó mú bíírò. Ó ti tó ọdún mélòó tó ti mọ̀ ọ́n? Ó kọ ọ́. Ṣé olóòótọ́ ni? Ó kọ ọ́. Ṣé ìwé rẹ̀ ní àbàwọ́n kankan? Kò sí. Ó ń kọ ọ́ lọ, ó fẹ́ẹ̀ máa rò pé òun ti ṣe é já.

Ó wá dé ìbéèrè ìkẹyìn. Bí àyè bá ṣí sílẹ̀, ṣé ẹ máa fẹ́ kí ẹni yìí tún padà wá bá yín ṣiṣẹ́?

Bíírò dúró. Munawwarah gbọ́ pé kò kọ̀wé mọ́, ó sì bẹ̀rù.

"Mà, ṣé kò sí ìṣòro?"

"Kò sí. Mò ń wá gíláàsì mi ni." Gíláàsì náà sì wà lójú rẹ̀.

Ó sàmì sí Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún àlàyé. Phebe kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún, kò tó o, ó yí ìwé náà padà, ó ń kọ ọ́ lọ sí ẹ̀yìn.